Ta Ló Wà Níbẹ̀ Nígbà Tí Olùkọ́ Ń Sọ̀rọ̀?

Ìbéèrè yín àti ìdáhùn wa ti oṣù yìí

ÌBÉÈRÈ KÌÍNÍ

Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Mo wà ní ọdún kejì ní yunifásítì, filọ́sọ́fì ni mò ń kọ́. Òun kọ́ ni mo béèrè fún. Òfin ni mo kọ sínú fọ́ọ̀mù JAMB, máàkì mi ò tó, filọ́sọ́fì ni wọ́n fún mi. Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tó di sáà kejì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wa nípa àwọn olùkọ́ àtijọ́: Socrates ti ìlú Athens, Confucius ti ilẹ̀ Ṣáínà, Buddha ti ilẹ̀ Íńdíà, àti Ọ̀rúnmìlà tiwa. Ọ̀rọ̀ wọn wọ̀ mí lára. Bí iná bá lọ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, iná fóònù ni mo fi ń kà wọ́n títí ilẹ̀ á fi fẹ́ mọ́.

Lóṣù tó kọjá, wọ́n ní ká kọ àròkọ lórí Confucius. Ọ̀rọ̀ kan tí mo rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní Confucius ló sọ ọ́: “Yan iṣẹ́ tí o fẹ́ràn, o ò sì ní ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan láyé rẹ mọ́.” Olùkọ́ wa fi bíírò pupa fa ilà sí i nídìí, ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé: “Níbo ló ti sọ ọ́? Ta ló gbọ́?” Ó gé máàkì mẹ́wàá. Ó dùn mí, àmọ́ mo gbà.

Ohun tó wá ń jẹ mí lọ́kàn nìyí, Màmá. Socrates ò kọ̀wé. Buddha ò kọ̀wé. Ọ̀rúnmìlà ò kọ̀wé. Ọ̀rọ̀ Confucius gan-an, àwọn ọmọ ẹ̀yìn ló kó o jọ. Bó bá jẹ́ ẹlòmíì ló fi ọ̀rọ̀ sí gbogbo wọn lẹ́nu, kí ni ìyàtọ̀ ohun tí íńtánẹ́ẹ̀tì ní Confucius sọ sí ohun tí Plato, ọmọ ẹ̀yìn Socrates, ní Socrates sọ? Ọ̀rẹ́ tí a jọ ń gbé yàrá ní irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Èmi ò sì fẹ́ kó jẹ́ irọ́. Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni kí n sọ fún un? Kí ni kí n sọ fún ara mi?

Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN

Ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà rẹ kí n tó mú bíírò. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ girama ní Yorùbá àti Ìmọ̀ Bíbélì, àwọn tó bi mí ní irú ìbéèrè yìí ò pé márùn-ún. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ méjì dá ọ lóhùn.

Ìbéèrè tí olùkọ́ rẹ fi bíírò pupa kọ yẹn, mo ti gbọ́ ọ kí n tó mọ̀wé kà. Bàbá tó bí bàbá mi máa ń kọ́ àwọn ọmọ awo nílé wa ní Ìsẹ́yìn. Ìdájí ni wọ́n ń jókòó sórí ẹní, kálukú pẹ̀lú ọ̀pẹ̀lẹ̀ ìkọ́ṣẹ́ tirẹ̀, àfọ́kù igbá tí wọ́n so mọ́ okùn, torí ọwọ́ wọn ò tíì tó èyí tí àgbà awo ń dà. Ọmọkùnrin kan wà nínú wọn tí ohùn rẹ̀ dùn gan-an. Lọ́jọ́ kan ó ń kì ẹsẹ kan, nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti ní kí ẹni náà fi ẹyẹlé rúbọ, ó sọ ọ́ di àgbò. Bàbá ò bínú. Ó fi ìrọ́kẹ́ lu ẹní lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní: “Lẹ́nu ta lo ti gbọ́ àgbò?” Ọmọ náà dákẹ́. Bàbá ní: “Ẹnu bàbá mi ni mo ti gbọ́ ẹyẹlé, ẹnu mi lo ti gbọ́ ọ. Àgbò ńkọ́?” Ọmọ náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ẹsẹ, ó tún un kì láti orí dé ìdí. Mò ń gbálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà lọ́wọ́, mo dúró, mi ò mọ ìgbà tí ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Nítorí náà, bí wọ́n bá sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ tí wọn ò kọ sílẹ̀ ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, mi ò gbà. Mo ti rí àwọn tó ń ṣọ́ ọ. Ohun kan náà ni àwọn onímọ̀ tó kó hàdíìsì jọ ṣe: lágbájá gbọ́ ọ lẹ́nu tàmẹ̀dò, tàmẹ̀dò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó bá Ànábì jókòó. Bí ẹnì kan nínú wọn bá jẹ́ òpùrọ́, tàbí ẹni tí kì í lè rántí nǹkan, wọn ò ní gba ọ̀rọ̀ náà wọlé, bó ti wù kó dùn létí tó.

Jẹ́ ká wá wo àwọn olùkọ́ tìrẹ. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọn ni kó o tẹjú mọ́, torí ibẹ̀ ni ìdáhùn rẹ wà.

Buddha jẹ́ ẹni 80 ọdún nígbà tó kú ní Kusinara, láàárín igi sala méjì. Mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Ananda ti ń tọ́jú rẹ̀ láti ọdún 25 wá. Òun ló ń pọnmi fún un, òun ló ń bá a lọ síbi gbogbo, òun ló ń ní kí àlejò ṣe sùúrù. Nígbà tó hàn pé ó ti tó àkókò, Ananda yẹra wọ inú ilé, ó fara ti férémù ilẹ̀kùn, ó ń sunkún. Ohun tó ń sọ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ni òun, iṣẹ́ pọ̀ tí òun ò tíì ṣe, olùkọ́ òun sì ń lọ, ẹni tó ṣàánú òun tó bẹ́ẹ̀. Ṣé o gbọ́? Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ Buddha tó ọkùnrin yìí, òun náà ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ ni òun. Buddha ní kí wọ́n lọ pè é wá, ó tù ú nínú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ọmọ ẹ̀yìn pé jọ ní Rajagaha. Mahakassapa ló darí ìpàdé. Upali, tó jẹ́ onígbàjámọ̀ tẹ́lẹ̀, ló ka òfin. Ananda ló ka ẹ̀kọ́. Gbólóhùn kan ló fi ń ṣí gbogbo ẹ̀kọ́ tó kà: “Báyìí ni mo ṣe gbọ́ ọ.” Títí dòní olónìí, gbólóhùn yẹn ló ṣíwájú àwọn ẹ̀kọ́ náà, lẹ́yìn rẹ̀ ni ibi tí Buddha wà lọ́jọ́ náà àti àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Àmọ́ ohun tó mú mi gbọ́kàn lé Ananda ni ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i ní ìpàdé yẹn. Buddha ti sọ kó tó kú pé bí wọ́n bá fẹ́, wọ́n lè yọ àwọn òfin kéékèèké kúrò lẹ́yìn òun. Àwọn àgbà wá bi Ananda pé èwo ni òfin kéékèèké nínú wọn? Ó ní òun ò béèrè. Wọ́n bá a wí gidigidi, ó gbà. Níwọ̀n bí kò sì ti sẹ́ni tó mọ èyí tí olùkọ́ ní lọ́kàn, gbogbo òfin pátá ni wọ́n gbé ró, wọn ò yọ ọ̀kan. Orí ahọ́n ni wọ́n gbé e títí di inú ọgọ́rùn-ún ọdún tó kẹ́yìn ṣáájú ìbí Jésù, nígbà tí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ní Sri Lanka. Ó ti lé ní 300 ọdún nígbà náà. Ananda ì bá ti ka òfin mẹ́wàá sílẹ̀ fún wọn, pé olùkọ́ ló dárúkọ wọn, ta ni ì bá já a? Ó ní òun ò béèrè. Bí ẹni tó ń sọ òótọ́ ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ó wá kan Socrates. Agbẹ̀bí ni ìyá rẹ̀, òun náà sì máa ń sọ pé iṣẹ́ ìyá òun ni òun ń ṣe: òun ò lóyún ọgbọ́n, àwọn ọ̀dọ́ tó ń bá òun sọ̀rọ̀ ló lóyún, òun kàn ń gbẹ̀bí ni. Ní ọdún 399 ṣáájú ìbí Jésù, nígbà tó ti pé ẹni 70 ọdún, wọ́n pè é lẹ́jọ́ ní Athens pé kò ka àwọn òrìṣà ìlú sí, ó sì ń ba àwọn ọ̀dọ́ jẹ́. Wọ́n ní kó kú. Ó gba ife májèlé, ó mu ún. Plato ló ròyìn rẹ̀ fún wa, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe kọ́kọ́ wúwo, bí òtútù ṣe ń gun ara rẹ̀ bọ̀ láti ìsàlẹ̀, bó ṣe ká aṣọ kúrò lójú tó ní kí Crito ọ̀rẹ́ rẹ̀ má gbàgbé o, àwọn jẹ Asclepius ní àkùkọ kan, kí ó bá àwọn san án. Asclepius ni òrìṣà ìwòsàn wọn. Gbogbo ìgbà tí mo bá dé ibi àkùkọ yẹn ni mo máa ń gbé ìwé sílẹ̀ ná.

Nínú ìròyìn kan náà, wọ́n ka orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Plato kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i. Ó fi sẹ́nu ẹni tó ń sọ ìtàn náà pé: “Plato, mo rò pé ara rẹ̀ ò yá.”

Kò sí níbẹ̀. Ó kọ ọ́ fún gbogbo ayé kà pé ọjọ́ tí olùkọ́ òun kú, òun ò sí níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí, ọmọ mi. Nígbà tí bàbá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn kú, mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, ìdánwò ló dá mi dúró. Àbúrò mi ọkùnrin ló wà lẹ́bàá ẹní rẹ̀. Ó ní Bàbá ní kí wọ́n ṣí fèrèsé, ó ní kí òun wá sún mọ́ òun, ó bèèrè bóyá mo ń jẹun dáadáa níbi tí mo wà. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún àwọn ọmọ mi, mo ti sọ ọ́ fún àwọn ọmọ ọmọ mi, kò sì sí ìgbà tí mi ò ní sọ pé: àbúrò mi ló sọ ọ́ fún mi, mi ò sí níbẹ̀. Bí egungun ẹja ló ṣe ń há mi lọ́fun. Mo mọ̀ pé kò rọrùn fún Plato náà.

Mi ò sọ pé kó o gba gbogbo ohun tí Plato kọ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ẹnu Socrates o. Àwọn tó ti fi ọjọ́ ayé wọn kà á gbà pé nínú àwọn ìwé tó kọ nígbà tó dàgbà, èrò ti Plato fúnra rẹ̀ ló ń ti ẹnu Socrates jáde. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ nìkan kọ́ ló wà. Xenophon mọ Socrates, òun náà kọ̀wé nípa rẹ̀, àmọ́ ó ti bá àwọn ọmọ ogun lọ sí ilẹ̀ Páṣíà nígbà ìdájọ́ yẹn. Socrates tirẹ̀ sún mọ́lẹ̀ ju ti Plato lọ, ó ń gba èèyàn nímọ̀ràn lórí ọ̀rẹ́, ilé àti oko. Aristophanes aláwàdà tiẹ̀ ti gbé e sórí ìtàgé láti ọdún 423 ṣáájú ìbí Jésù, nígbà tó ṣì wà láyé, ó gbé e kọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ lókè, ó fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀rẹ́ kọ́ ni. Síbẹ̀ ẹnu àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò lórí àwọn nǹkan kan: ọkùnrin tí kì í wọ bàtà, tó ń fi ìbéèrè dá àwọn ọmọ Athens lágara. Ibi tí ẹnu wọn ti kò yẹn, fẹsẹ̀ rinlẹ̀ níbẹ̀.

Confucius ni àròkọ rẹ dá lé, jẹ́ kí n pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Ọdún 551 sí 479 ṣáájú ìbí Jésù ló gbé láyé, ní ìpínlẹ̀ Lu. Ìwé tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn tiwọn kó jọ ń jẹ́ Lunyu. Ọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí o fẹ́ràn yẹn ò sí nínú rẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí: Zilu bi í pé bí òun bá gbọ́ ohun tó dáa, ṣé kí òun ṣe é lójú ẹsẹ̀? Ó ní rárá, bàbá rẹ àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ wà láyé, ó yẹ kó o kọ́kọ́ fi lọ̀ wọ́n. Ran You bi í ní ìbéèrè kan náà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣe é lójú ẹsẹ̀. Ọmọ ẹ̀yìn kẹta, Gongxi Hua, gbọ́ méjèèjì, ó rú u lójú, ó bèèrè. Confucius ní Ran You máa ń fà sẹ́yìn, ìdí nìyẹn tí òun fi tì í síwájú. Agbára Zilu ju ti ẹnì kan lọ, ìdí nìyẹn tí òun fi dá a dúró.

Wò ó, ọmọ mi. Bó bá jẹ́ ìdáhùn kan ṣoṣo ni wọ́n mú nínú méjèèjì, tí wọ́n gbé e sórí àwòrán òdòdó kan lórí fóònù, “Confucius ní: ṣe é lójú ẹsẹ̀”, òótọ́ ni pé ó sọ ọ́, ẹni tó kà á ò sì tíì gbọ́ Confucius rárá. Orúkọ Zilu, orúkọ Ran You, ọmọ kẹta tó dúró tí ọ̀rọ̀ ò yé, gbogbo wọn ló wà nínú ẹ̀kọ́ náà. Ọ̀rọ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì yẹn ò ní ẹni tí wọ́n sọ ọ́ fún, kò ní ọjọ́, kò ní ibi. Òun ni àgbò tí Bàbá ń bèèrè.

Àwọn ọmọ ẹ̀yìn Confucius ò sì fi àléébù ara wọn pamọ́. Zai Yu sùn lọ́sàn-án, olùkọ́ ní igi tó ti jẹrà kò ṣe é gbẹ́, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Nígbà tí Yan Hui, ọmọ ẹ̀yìn tó fẹ́ràn jù, kú léwe, Confucius ké pé Ọ̀run ti pa òun run. Ó sunkún débi tí àwọn tó kù fi ní, Bàbá, ẹ̀yin náà ti sunkún kọjá ààlà. Ó ní, ṣé mo ti kọjá ààlà? Bí mi ò bá sunkún ẹni yìí, ta ni mo fẹ́ sunkún rẹ̀? Olùkọ́ tó ń fi ìwọ̀ntúnwọ̀nsì kọ́ni láti àárọ̀ dalẹ́ ni wọ́n ń ròyìn yìí o. Ẹni tó bá ń gbẹ́ ère sí olùkọ́ rẹ̀ ò ní gbẹ́ omijé yẹn mọ́ ọn. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ sì kú, ọdún mẹ́ta ni àwọn ọmọ ẹ̀yìn fi ṣọ̀fọ̀. Zigong ò bá wọn lọ, ó kọ́ àtíbàbà sẹ́bàá sàréè, ó fi ọdún mẹ́ta mìíràn kún un.

Ní ti Jésù, ibì kan ṣoṣo ni Bíbélì ti sọ pé ó kọ nǹkan, ìka ló fi kọ ọ́ sílẹ̀, inú Jòhánù orí kẹjọ. Wọn ò sọ ohun tó kọ fún wa. Pétérù tó sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹta di olórí láàárín wọn, ìwé ìhìnrere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì ròyìn sísẹ́ náà, títí kan àkùkọ tó kọ.

Tiwa wà nínú Ìwòrì Méjì. Ọ̀rúnmìlà bí ọmọ mẹ́jọ, gbogbo wọn jọba. Ó ń ṣọdún, ó ránṣẹ́ pè wọ́n. Àwọn méje kí i ní àbọrú bọyè bọ ṣíṣẹ. Nígbà tó kan Ọlọ́wọ̀, àbíkẹ́yìn, kò kí i. Ó ní adé wà lórí bàbá, adé wà lórí òun, ẹni tó dádé kì í wólẹ̀ fẹ́nì kan. Ọ̀rúnmìlà bínú, ó fi ayé sílẹ̀. Aboyún ò bí mọ́, àgàn ò tọwọ́ àlà bosùn. Àwọn ọmọ lọ bẹ̀ ẹ́ nídìí ọ̀pẹ, kò bá wọn bọ̀. Ikin mẹ́rìndínlógún ló kó lé wọn lọ́wọ́, ó ní ohun tí wọ́n bá fẹ́ ní, òun ni kí wọ́n máa bi. Àwọn awo ló ń kì í, wọn ò yọ ìwà Ọlọ́wọ̀ kúrò. Olóògbé Sophie Olúwọlé, tó kọ́ni ní filọ́sọ́fì ní Yunifásítì Èkó, tó sì kú ní ọdún 2018, gbé Ọ̀rúnmìlà àti Socrates sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó bèèrè pé bí àìkọ̀wé ò bá dí Socrates lọ́wọ́ láti jẹ́ bàbá filọ́sọ́fì, kí ló dé tí wọ́n fi ń fi í du Ọ̀rúnmìlà? Wá ìwé rẹ̀ kà.

Ohun tí wàá sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ nìyí: òpùrọ́ kì í purọ́ kó fi ara rẹ̀ sí ibi ẹ̀tẹ́. Ananda ò béèrè, Plato ò sí níbẹ̀, Zai Yu sùn, Pétérù sẹ́, Ọlọ́wọ̀ ò kí bàbá. Bí o bá sì ń kọ àròkọ, má kọ “Socrates ní”. Kọ “Plato ní Socrates ní”. Má kọ “Buddha ní” láìsọ ibi tó wà àti ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ó máa gùn díẹ̀ sí i, jẹ́ kó gùn. Tún àròkọ Confucius yẹn kọ, fi Zilu àti Ran You bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, mú un tọ olùkọ́ rẹ lọ, má béèrè máàkì. Àti pé ọjọ́ tí o sunkún nítorí Òfin yẹn, ọmọ mi, inú mi dùn pé wọn ò fún ọ ní Òfin.

ÌBÉÈRÈ KEJÌ

Ẹ kú oríire, Màmá. Mo rí ère ọkùnrin oníkùn ńlá kan tó ń rẹ́rìn-ín nílé oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà. Ọmọ mi ní Buddha ni. Ṣé ó sanra tó bẹ́ẹ̀ ni?

Oníṣòwò aṣọ, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN

Òun kọ́ o, ẹ̀gbọ́n. Budai ni wọ́n ń pe ẹni tẹ́ ẹ rí, ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn Buddha kan ní Ṣáínà, ní nǹkan bí ọdún 900 sí 1000 lẹ́yìn ìbí Jésù. Budai túmọ̀ sí àpò aṣọ, torí àpò kan wà tó máa ń gbé kiri. Buddha tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè yìí ti fi ebi pa ara rẹ̀ nígbà kan, kó tó rí ìmọ́lẹ̀, débi tó fi sọ pé bí òun bá fọwọ́ kan ikùn, eegun ẹ̀yìn ni ọwọ́ òun ń bà. Nígbà tó rí i pé ọ̀nà yẹn ò gbé òun débì kan, ó jẹun. Kò sanra, kò sì fi ebi para rẹ̀ mọ́.

ÌBÉÈRÈ KẸTA

Màmá, níbi ìpàdé àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹni tó wá bá wa sọ̀rọ̀ fi ìyàwó Socrates ṣe àpẹẹrẹ ìyàwó burúkú. Ó ní ó máa ń bú ọkọ rẹ̀, ó tún da omi sí i lórí. Ṣé òótọ́ ni?

Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Òṣogbo

ÌDÁHÙN

Ẹ jẹ́ ká bi wọ́n ní ìbéèrè olùkọ́ yẹn: ta ló gbọ́? Ìtàn omi dídà yẹn, ọ̀dọ̀ Diogenes Laertius la ti rí i kà, ẹni tó kọ̀wé ní nǹkan bí 600 ọdún lẹ́yìn tí Socrates ti kú. Ẹnì kan tó ń jẹun nínú ìwé Xenophon kan ló ní kò sí obìnrin tó ṣòro bá gbé tó Xanthippe, ìyàwó Socrates. Àmọ́ Xenophon yìí kan náà, nínú ìwé mìíràn, fi hàn wá bí Socrates ṣe jókòó ti àkọ́bí rẹ̀ Lamprocles tó ń bínú sí ìyá rẹ̀, ó ń ka ohun tí ìyá ń rù fún un: oyún tó ń gbé pẹ̀lú ewu ikú, oúnjẹ ara rẹ̀ tó fi ń bọ́ ọmọ, òru àti ọ̀sán tó fi ń tọ́jú ohun tí kò tíì lè sọ ohun tó ń ṣe é. Ó ní kó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn òrìṣà bó bá ti fojú di ìyá rẹ̀. Wọn ò ka ibi yẹn fún yín ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Plato náà sọ nípa obìnrin yìí. Wọ́n bí ọmọkùnrin mẹ́ta, méjì nínú wọn ṣì kéré. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ikú, nígbà tí ẹ̀ṣọ́ ṣílẹ̀kùn fún àwọn ọ̀rẹ́ Socrates, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, Xanthippe ti wà níbẹ̀ ṣáájú wọn, ó jókòó ti ọkọ rẹ̀, ó gbé ọmọ kékeré náà dání. Ó rí wọn, ó bú sẹ́kún, ó ní: Socrates, èyí ni ìgbẹ̀yìn tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ á bá ọ sọ̀rọ̀, tí ìwọ náà á bá wọn sọ̀rọ̀.